Ìwé Ẹ̀rín Tí Kò Gba Àṣẹ: Ìtàn Viz Láti Ìlú Newcastle

Ìtàn ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé wá lónìí. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ìwé pélébé olójú-ewé mẹ́jọ ló mú lọ́wọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n fi bírò ya àwòrán inú rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní fọtokọ́pì ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi sítépúlà gún un pọ̀ láàárín. Awakọ̀, ìyálọ́jà, pásítọ̀ àti olùkọ́ yunifásítì ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń fi ẹnu Èkìtì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó." Mo wò ó lóòótọ́. Bírò pupa ni mo fi wò ó. Níbi tó kọ "ulé" sí, mo fagi lé e, mo kọ "ilé". Níbi tó kọ "ugbá" sí, mo fagi lé e, mo kọ "igbá". Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá méjì, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kò bójú mu. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé sà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò rí ẹ̀dà kejì.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ni mo sì tẹ orí ọmọ náà wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé ní Newcastle ló mú ẹ̀dà àtijọ́ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Viz bọ̀ wálé fún mi. Ó ní kí n wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo wá ìtàn ìwé náà kà. Inú ìtàn yẹn ni mo ti bá ara mi pàdé, n kò sì sí ní apá tó dára.

Ìrù tó ń dá rìn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí à ń sọ. Ní 1940, Louis Russell Chauvenet, ará Amẹ́ríkà kan, dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: fanzine. Ó fi ń pe àwọn ìwé pélébé tí àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ń fi owó ara wọn ṣe, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Fan ni olólùfẹ́. Zine sì ni ìrù magazine, tí í ṣe ìwé àtìgbàdégbà. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn gé fan kúrò, wọ́n ń pè é ní zine lásán. Orí lọ, ìrù kù, ìrù náà sì ń dá rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ fi èyí pamọ́ sínú ìwé yín.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Kò ní olóòtú tí yóò sọ pé èyí bójú mu, èyí kò bójú mu. Ẹni tó kọ ọ́ náà ló ń ṣètò títẹ̀ rẹ̀, òun ló ń dì í, òun ló sì ń gbé e kiri tà. Bí ó bá pàdánù, owó àpò ara rẹ̀ ló pàdánù.

Ní 1976, orin pọ́ǹkì gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan gbé gìtá, wọ́n ní àwọn kò ní dúró de ẹni tí yóò fún àwọn ní àṣẹ. Ní oṣù Keje ọdún náà, Mark Perry, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé báńkì, bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ lórí orin náà. Sniffin' Glue ni ó pè é. Ẹ̀rọ ìtàípù tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ló fi tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì fi máákà kọ àkọlé. Kí ọdún méjì tó pé, ìwé náà ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òun fúnra rẹ̀ sì dá a dúró ní 1977. Ohun tó ń sọ fún àwọn tó ń kà á ni pé kí wọ́n lọ ṣe tiwọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1977, ìwé mìíràn tí ń jẹ́ Sideburns ya àwòrán ibi mẹ́ta tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ lára okùn gìtá, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá ti mọ mẹ́ta yìí, kí ó lọ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ títí di òní pé Sniffin' Glue ló ya àwòrán yẹn. Òun kọ́.

Ní 1977 yìí kan náà, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Matt Groening ya ìwé àwòrán kan nípa ehoro tí ayé sú. Life in Hell ló pè é, ìyẹn ni ìgbé-ayé nínú ọ̀run àpáàdì. Ó ṣe é ní fọtokọ́pì, ó sì ń tà á ní ilé ìtajà àwo orin tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà ló wá dá The Simpsons sílẹ̀ ní 1987, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. A lè rí i níbẹ̀ pé pọ́ǹkì ju orin lọ. Ìwà kan ni: má dúró de ẹni tí yóò pè ọ́, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe é.

Newcastle ní 1979

Newcastle wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́bàá odò Tyne. Èédú àti kíkan ọkọ̀ ojú omi ló sọ ìlú náà di ńlá. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi ń parí, iṣẹ́ wọ̀nyí ti ń kógbá sílé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń jáde ní ilé-ìwé láìríṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 1979, Margaret Thatcher di olórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni Yorùbá ń wí. Ìlú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí ni Newcastle nígbà náà.

Geordie ni wọ́n ń pe àwọn ará ibẹ̀, Geordie náà sì ni orúkọ ẹ̀ka-èdè wọn. Níbi tí ará Lọ́ńdọ̀nù yóò ti sọ pé go, tí í ṣe "lọ", gan ni tiwọn. Wọ́n ń pe ọmọ ní bairn, wọ́n ń pe ilé ní hyem. Ẹni tó bá dé Norway yóò gbọ́ pé barn ni wọ́n ń pe ọmọ níbẹ̀, hjem sì ni ilé. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ tó kà sí ti ẹni tí kò kàwé, ọ̀rọ̀ tó ní ìdílé ni, ìdílé náà sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní ilé-ìwé, olùkọ́ á ní kí ọmọ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí a bí sí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó, Ìjẹ̀bú àti Yewa, ó dá mi lójú pé ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kọ Geordie sílẹ̀ rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olórin ilé-ìṣeré ìlú náà kọ orin sílẹ̀ ní ẹnu wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni "Blaydon Races" tí George Ridley kọ ní 1862, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Newcastle ṣì ń kọ. Ṣùgbọ́n orin àtijọ́ ni ìyẹn, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ohun tí kò sí ni ìwé tó ń fi ẹnu àwọn ọ̀dọ́ òde òní sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé-ọtí àti ní ibùdókọ̀, pẹ̀lú èébú inú rẹ̀.

Ẹ̀dà 150

Ọmọ ọdún 19 ni Chris Donald. Inú yàrá rẹ̀ ní ilé àwọn òbí rẹ̀, ní àdúgbò Jesmond, ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àbúrò rẹ̀ Simon, ọmọ ọdún 15, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jim Brownlow ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ní oṣù Kejìlá 1979, ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Ojú-ewé 12 ni, ẹ̀dà 150 péré ni wọ́n sì tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Viz jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a máa ń rí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìgékúrú ọ̀rọ̀ Látìn videlicet ni, ó sì túmọ̀ sí "èyí ni pé". Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ Látìn ló mú wọn yàn án. Ṣe ni Donald fẹ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ àkọlé ìwé náà sára línólíọ́mù, irú èyí tí a ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, kí ó lè fi tẹ̀ ẹ́ bí èdìdì. Lẹ́tà róbótó ṣòro láti gbẹ́. V, I àti Z jẹ́ kìkì ìlà títọ́. Bí ọ̀bẹ ṣe sọ ọmọ lórúkọ nìyẹn.

Gosforth Hotel, ilé-ọtí kan ní ìlú náà, ni wọ́n ti tà á. Ibẹ̀ ni àwọn olórin Anti-Pop, ilé-iṣẹ́ àwo orin kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀, ti máa ń ṣeré. Pẹ́ńsì 20 ni iye owó rẹ̀. Bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ́ńsì 30 ni. Ẹ wo ẹ̀fẹ̀ náà: níbi gbogbo láyé, akẹ́kọ̀ọ́ ni à ń bu owó kù fún, àwọn wọ̀nyí fi kún tirẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó rà á kò bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pọ́n-ùn 30 ni wọ́n pa. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pọ́n-ùn 45 ni. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ ohun tí mílíọ̀nù ènìyàn padà wá rà nìyẹn.

Ẹnu ilé nínú ìwé

Báwo ni ìwé náà ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín? Láti 1937 ni ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson ní Dundee, ní Scotland, ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ The Dandy, ó sì fi The Beano kún un ní 1938. Ìwé àwòrán ọmọdé ni méjèèjì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ka ọ̀kan nínú wọn dàgbà. Nínú wọn, ọmọ aláìgbọràn á ṣe àṣìṣe, bàbá á nà án, ọ̀rọ̀ á parí. Viz gba àwo yìí, ó sì bu ọbẹ̀ mìíràn sí i. Ìlà àwòrán rẹ̀ jọ ti Beano, àpótí àwòrán rẹ̀ jọ ọ́, orúkọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń dún bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, àwọn ẹ̀dá náà sì ń ṣépè, wọ́n ń mutí, wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀. Biffa Bacon jẹ́ ọmọ ìpáǹle tó ń gbé pẹ̀lú òbí tó le jù ú lọ. Mutha àti Fatha ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òbí náà, bí ẹnu Geordie ṣe ń pe ìyá àti bàbá gan-an. Roger Mellie jẹ́ gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kúrò nínú èébú. Sid the Sexist ń fọ́nnu kiri nípa obìnrin ní ẹnu Geordie tó jinlẹ̀, obìnrin kankan kò sì dá a lóhùn rí. Ẹni tí èmi fẹ́ràn jù ni Mr Logic. Ọkùnrin yìí ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti rí ní ojú ìwé. Bí ẹ bá lo àkànlò-èdè fún un, yóò ṣàlàyé fún yín ìdí tí ohun tí ẹ sọ kò fi lè ṣẹlẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi fún un ní ìkúùkù. Bí mo bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ láàárín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti èrò ẹni tó sọ ọ́, n kò mọ àpẹẹrẹ tó yára yé ènìyàn ju Mr Logic lọ.

Kò sí àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ kankan ṣe fún Geordie. Etí ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohùn tí wọ́n gbọ́ ní òpópónà ni wọ́n wá lẹ́tà fún, bí lẹ́tà náà bá sì yàtọ̀ ní ojú-ewé kejì, kò sí ẹni tó bi wọ́n. Onímọ̀ èdè lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwé ẹ̀rín ni. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò dé Newcastle rí bẹ̀rẹ̀ sí mọ bí wọ́n ṣe ń pe fáwẹ̀lì níbẹ̀, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, ẹ̀fẹ̀ náà kò ní dùn.

Àwọn tó ń kà á náà di òǹkọ̀wé. Lẹ́tà wọn kún ojú-ewé, ìmọ̀ràn aláìwúlò tí wọ́n ń fún ara wọn, tí ìwé náà ń pè ní Top Tips, sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tún sọ. Ní òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀-èdè èébú kan tí wọ́n fi orúkọ Roger Mellie pè, Roger's Profanisaurus, àwọn òǹkàwé sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìlú wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ní yunifásítì náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àlùfànṣá ni ó ṣòro jù láti rí kó jọ, nítorí pé ẹni tí a bá bi léèrè yóò tijú.

Mílíọ̀nù kan

Fún ọdún mélòó kan, ìgbà tó bá wù wọ́n ni ìwé náà ń jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń rà á jù. Díẹ̀díẹ̀, iye tí wọ́n ń tà dé nǹkan bí 5,000, àríwá ìlà-oòrùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ. Ìjọba Thatcher ní ètò kan nígbà náà tó ń fún ẹni tí kò níṣẹ́ ní pọ́n-ùn 40 lọ́sẹ̀ kí ó lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Chris Donald wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Ìjọba tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló bá wọn ra ìnkì.

Ní 1985, Virgin Books gba iṣẹ́ títẹ̀ rẹ̀, ó sì ń jáde ní oṣù méjì-méjì káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní 1987, John Brown, tó ń bójú tó o ní Virgin, dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú Viz dání. Graham Dury àti Simon Thorp wà lára àwọn ayàwòrán tó ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí 1989 fi parí, iye tí wọ́n ń tà ti kọjá mílíọ̀nù kan. Láti ẹ̀dà 150 dé mílíọ̀nù kan láàárín ọdún mẹ́wàá! Àwọn aláfarawé sì jáde bí olú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi kú. Wọ́n rí èébú inú Viz, wọ́n kó o. Wọn kò rí i pé èébú náà ní ìlú tó ti wá.

Ohun tó gòkè náà sọ̀kalẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni iye tí wọ́n ń tà ti ń dín kù. Chris Donald fi ipò olóòtú sílẹ̀ ní 1999. Ní 2001, iye náà ti sún mọ́ 200,000. Ní 2018, kò tó 50,000 mọ́. Síbẹ̀ ìwé náà kò kú. Ní 2009 tó pé ọgbọ̀n ọdún, ilé-ìfihàn àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ iṣẹ́ wọn. Ohun tí olùkọ́ ìbá gbà lọ́wọ́ ọmọ kí ó sì jù sí agbọ̀n ìdọ̀tí ti wà lára ògiri, inú gíláàsì.

Ta ni à ń fi rẹ́rìn-ín?

N kò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo inú Viz ló dára. Ní 1989, wọ́n mú àwọn obìnrin méjì kan wọlé tí wọ́n pè ní The Fat Slags. Àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin tí kò lówó ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀: bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń bá ọkùnrin lò. Àwọn kan sọ pé ẹni tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ní ti Sid náà, ẹni tó yà á fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín sí òmùgọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé láàárín mílíọ̀nù kan òǹkàwé, àwọn kan yóò wà tó ń bá Sid rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ẹ̀dà jẹ́ 150, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé-ọtí náà mọ ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ní lọ́kàn. Nígbà tó di mílíọ̀nù kan, àwòrán náà dá nìkan wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá a ṣàlàyé.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn baba wa wé e. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, a máa ń kọ orin tí ènìyàn kò jẹ́ kọ lójú àna rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, ní òru ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ á dárúkọ olówó tó ń yan ènìyàn jẹ, á dárúkọ ìjòyè tó ṣe ohun tí kò tọ́, a ò sì ní mú un. Yorùbá kò sọ pé ọ̀rọ̀ àlùfànṣá kò gbọdọ̀ sí. Ó ní kí ó ní ọjọ́ àti ààyè rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àṣà ló fún ẹlẹ́fẹ̀ ní àṣẹ. Àwọn ọmọ Newcastle kò ní irú òru bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé pélébé ṣe òru ara wọn.

Àwa náà sì ti ní irú rẹ̀ nínú ìwé. Ní 1976, ọdún mẹ́ta ṣáájú Viz, Wale Adenuga tó kàwé ní Yunifásítì Èkó dá Ikebe Super sílẹ̀, níbi tí Papa Ajasco ti jáde. Ìwé méjèèjì kò mọ ara wọn rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, abẹ́ ẹní ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi Ikebe Super pamọ́ sí kí ìyá wa má baà rí i. Nígbà tí a ṣèèṣì wọlé bá a lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kà á, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo mí bí mo ṣe gbàgbé ìyẹn ní ọjọ́ tí mo mú bírò pupa.

Ulé

Mo wá akẹ́kọ̀ọ́ mi kàn. Ó ti jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Mo pè é lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bi í bóyá ó ṣì ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹyọ kan ló kù sà. Èyí tí ẹ fi bírò pupa kọ sí ni." Àwọn yòókù ti bá òjò àti ìkólé lọ. Ó ya àwòrán ojú-ewé rẹ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo jókòó, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, láìmú bírò. Onímọ̀ èdè ni mí. Mo ti lo owó àti oṣù láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní abúlé. Ohun tí mo lọ ń wá lóko ni ọmọ yẹn gbé wá bá mi ní ọ́fíìsì. Bí àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì ṣe ń bú ara wọn ní ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sọ "ulé" àti ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sí "ilé" nítorí pé olùkọ́ ń gbọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti rí i pé ènìyàn ń pààrọ̀ ẹnu ní ojú àgbà, ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi ni àgbà náà. Mo fagi lé ẹ̀fẹ̀ náà láìmọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a pa Yorùbá àjùmọ̀lò tì. Òun ni mo fi ń kọ èyí, òun ni ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìbàdàn fi ń ka ìwé kan náà, mo sì ń fi ọwọ́ líle kọ́ni ní àkọtọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Hyem tí àwọn ọmọ Newcastle ń sọ, ilé ni. Ulé, ilé ni. Olùkọ́ tó bá fagi lé e ní ibi tí àkọtọ́ kò ti ní iṣẹ́, ilé ẹni ẹlẹ́ni ló ń fagi lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní bírò àti ẹ̀fẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá bá mi kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é. Ẹ fi ẹnu ilé yín kọ ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì pamọ́ síbi tí òjò kò ti lè dé, kí ẹ sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi aláìní rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ ya olùkọ́ sí i, ẹ yà mí. Bírò pupa kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ mi nínú àwòrán náà.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.